Íǹṣì Méjì Ti Tó: Bí A Ṣe Ń Gbé Jíìpù Ìdílé Sókè Láì Ba Abẹ́ Rẹ̀ Jẹ́

Ṣọ́ọ̀kì àti sípíríǹgì ni mo ń tà ní ọjà Ládípọ̀, ní Múṣin. Tí òjò bá ti dé, láti oṣù kẹrin lọ sí oṣù keje, tí títì ti fọ́, tí omi ti bo gbogbo kòtò mọ́lẹ̀, àwọn tó ń wá bá mi pé "Màdáámù, ẹ bá mi wá nǹkan tó máa gbé jíìpù yìí sókè" á pọ̀ ju ti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn lọ. Èmi náà fẹ́ tajà, mi ò ní purọ́. Àmọ́ kí n tó dá iye owó kankan, mo máa ń bi wọ́n pé: ta ló ń wọ ọkọ̀ yìí, kí lẹ sì ń kó sínú rẹ̀ lọ́jọ́ lásán? Ìwúwo tí ọkọ̀ ń rù lójoojúmọ́ ló ń yan sípíríǹgì. Ẹni tó bá fi ojú lásán yàn án nítorí pé ti aládùúgbò ga, àwọn ọmọ tó ń jókòó lẹ́yìn pátápátá ni yóò jẹ ìyà rẹ̀.

Ìgbéga kékeré ni mò ń sọ níbí, èyí tí kò ju íǹṣì méjì lọ, ìyẹn nǹkan bíi mílímítà 50. Ọkọ̀ tó ń gbé ọmọ lọ síléèwé ní Ìsọlọ̀ láàárọ̀ Mọ́ńdè, tó sì ń gba ọ̀nà oko lọ sí Ìmọ̀tà lẹ́yìn Ìkòròdú lọ́jọ́ Sátidé, kò nílò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Tó bá ti kọjá ibẹ̀, iṣẹ́ míì lẹ ti bẹ̀rẹ̀ yẹn: áàmù òkè (apá irin tó so ìdí táyà mọ́ ọkọ̀) á fẹ́ pààrọ̀, ṣáàfù (ọ̀pá tó ń yí táyà) á bẹ̀rẹ̀ ariwo, bí ẹ bá ṣe ń yanjú ọ̀kan lòmíràn á máa yọjú.

Ẹ kọ́kọ́ wo abẹ́ ọkọ̀

Toyota 4Runner, Prado, Lexus GX 470 àti Hilux ní ṣásì irin lábẹ́, wọ́n wá gbé ara ọkọ̀ lé e lórí. Irú wọn ló gba ìgbéga dáadáa. Láti bí ogún ọdún sẹ́yìn, iwájú wọn ní sípíríǹgì tó wé mọ́ ṣọ́ọ̀kì, ó jókòó sórí áàmù ìsàlẹ̀. Ẹ̀yìn wọn jẹ́ áásì gbọọrọ kan láti táyà dé táyà, sípíríǹgì méjì sì dúró lórí rẹ̀, àfi Hilux tó jẹ́ pé lííf, ìyẹn irin pẹlẹbẹ tí wọ́n tò léra, ló ní lẹ́yìn.

Highlander, RAV4 àti Lexus RX ò ní ṣásì tó dá dúró. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní irú wọn, ẹ má bínú sí mi: ọ̀rọ̀ yín ò pọ̀. Ẹ́ńjìnnì wọn dùbúlẹ̀ sí ìbú, ṣáàfù iwájú wọn kúrú, tẹ́ ẹ bá gbé e ga, ṣáàfù náà á dagun, jọ́ìntì rẹ̀ á sì tètè jẹ. Ẹ má kọjá íǹṣì kan. Lójú tèmi, ẹ fi owó yẹn ra ṣọ́ọ̀kì tuntun àti táyà tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ nípọn. Ohun tẹ́ ẹ̀ ń wá wà níbẹ̀.

Àwọn GX 470, àti àwọn 4Runner kan tí ẹ́ńjìnnì wọn jẹ́ V8, bàlúùnù afẹ́fẹ́ ni wọ́n fi sí ẹ̀yìn wọn dípò sípíríǹgì nígbà tí wọ́n jáde nílé iṣẹ́. Púpọ̀ nínú èyí tó wà ní Èkó, wọ́n ti yọ bàlúùnù náà, wọ́n sì ti fi irin sí i. Ẹ wò ó kẹ́ ẹ tó wá sọ́jà, torí ẹni tí ò mọ èyí tó wà lábẹ́ ọkọ̀ rẹ̀, ohun tí kò ní bá a mu ló máa rà.

Téèpù kọ́kọ́ ṣiṣẹ́, kí owó tó jáde

Ọ̀pọ̀ jíìpù tí wọ́n ń gbé wá sọ́dọ̀ mi pé kò ga, ó ga tẹ́lẹ̀. Sípíríǹgì rẹ̀ ló ti rẹ̀. Tòkunbọ̀ ni ọ̀pọ̀ wọn, ó ti lo ọdún mẹ́wàá lókè òkun kó tó wá bá gálọ́ọ̀pù Èkó pàdé. Irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, tí ẹ bá fi sípíríǹgì tuntun tó bá ti ilé iṣẹ́ mu sí i, yóò dìde fúnra rẹ̀, ẹ sì lè rí i pé ohun tẹ́ ẹ fẹ́ gan-an nìyẹn.

Bí ẹ ó ṣe mọ̀ rèé. Ẹ gbé ọkọ̀ sórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, ilẹ̀ kọnkéré ilé epo dára. Kí afẹ́fẹ́ táyà pé, kí inú ọkọ̀ ṣófo. Ẹ fi téèpù wọn ọ̀n láti àárín gbùngbùn ihò táyà lọ sókè tààrà, dé etí fẹ́ńdà. Ẹ má wọn ọ́n láti ilẹ̀, nítorí táyà tó ti jẹ tàbí tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ dín á tàn yín jẹ. Ẹ kọ nọ́ńbà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sílẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ fi ti òsì wé ti ọ̀tún. Nínú 4Runner, òsì sábà máa ń wálẹ̀ díẹ̀ nítorí pé ọ̀dọ̀ ibẹ̀ ni awakọ̀ àti táǹkì epo wà. Ìyàtọ̀ tí ò tó ìdajì íǹṣì kò yẹ kó dẹ́rù bà yín. Tó bá ju ìyẹn lọ, ó ṣeé ṣe kí sípíríǹgì kan ti kán nísàlẹ̀ níbi tí ojú ò tó. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì síbẹ̀. Ẹ wá wo ìdúró ọkọ̀ látẹ̀gbẹ́ẹ́. Nígbà tí jíìpù bá ṣófo, ẹ̀yìn rẹ̀ yẹ kó ga ju iwájú lọ díẹ̀. Bí wọ́n ṣe ṣe é láti ilé iṣẹ́ nìyẹn, kó lè dọ́gba tí èrò àti ẹrù bá wọlé. Tí ẹ̀yìn tiyín bá wálẹ̀ ju iwájú lọ láìru nǹkan kan, sípíríǹgì ẹ̀yìn ti lọ.

Ṣọ́ọ̀kì náà ní ìdánwò tirẹ̀. Ẹ fi ọwọ́ méjèèjì ti igun ọkọ̀ kan mọ́lẹ̀, kẹ́ ẹ fi í sílẹ̀. Tó bá lọ sókè, tó padà, tó sì dúró, ó ṣì ní ẹ̀mí. Tó bá ń jó, ó ti kú. Tẹ́ ẹ bá rí òróró lára rẹ̀, ẹ ò nílò ìdánwò.

Ìwúwo ni ọ̀gá

Ẹ ṣí ilẹ̀kùn awakọ̀. Lára òpó rẹ̀, wọ́n lẹ ìwé kan mọ́ ọn. Lórí ọkọ̀ tó wá láti Amẹ́ríkà, ẹ ó rí GVWR níbẹ̀: gbogbo ìwúwo tí wọ́n fọwọ́ sí fún ọkọ̀ náà nìyẹn, ọkọ̀ fúnra rẹ̀, epo, èrò àti ẹrù. Lb, ìyẹn pọ́n-ùn, ni wọ́n fi ń kọ ọ́. Ẹ pín in sí 2.2 kó di kílò. Kò sí sípíríǹgì kankan lọ́jà, bó ti wù kó nípọn tó, tó lè sọ nọ́ńbà yẹn di ńlá. Mo ń tẹnu mọ́ ọn nítorí pé mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tó yẹ kó mọ̀ pé "sípíríǹgì líle ni mo fi sí i, mo lè ru ohun tó bá wù mí." Bíréèkì yẹn ńkọ́? Áásì yẹn ńkọ́?

Ẹ ṣe ìṣirò tiyín. Tèmi rèé. 4Runner 2005 ni. Èmi àti ọkọ mi jẹ́ bíi kílò 150. Ìyá ọkọ mi, 70. Àwọn ọmọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lápapọ̀, 90. Ó di 310. Tá a bá ń lọ sóko, ẹ fi bàgì ìrẹsì kan kún un, kílò 50, kẹ́ẹ̀gì omi lítà 25 méjì, ó di 50 míì, àti jẹ́nẹ́rétọ̀ kékeré tó jẹ́ bíi kílò 20. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 430. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó dáadáa: nínú 430 yẹn, kò sí ìkankan tó ń sùn nínú ọkọ̀. Lálaalẹ́, ọkọ̀ náà á padà ṣófo. Ní àárọ̀ Mọ́ńdè, èmi àti àwọn ọmọ nìkan ni.

Àwọn tó ń ṣe sípíríǹgì ìgbéga máa ń ṣe oríṣi mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ fún ọkọ̀ kan náà. Ọ̀kan wà fún ọkọ̀ tí kò ru nǹkan, ọ̀kan fún ẹrù díẹ̀, ọ̀kan fún ẹrù wúwo tí kì í kúrò nínú ọkọ̀, bí irin ààbò ńlá níwájú, àpótí irinṣẹ́, táǹkì epo kejì. Nígbà tí wọ́n bá ní "ìwúwo kílò 200", ohun tó ń gbé inú ọkọ̀ nígbà gbogbo ni wọ́n ń sọ. Jíìpù ìdílé ní Èkó, ti àkọ́kọ́ tàbí èkejì ló bá a mu. Ẹni tó bá lọ mú ti ẹ̀kẹta, sípíríǹgì náà ò ní rí ohun tó máa tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Èyí tí wọ́n tà fún un pé íǹṣì méjì ni, ó lè di mẹ́ta lára ọkọ̀ òfìfo, tí ọkọ̀ bá sì kan bọ́ǹpù àdúgbò, á sọ èrò ẹ̀yìn sókè. Ọmọ tó ń bì nínú ọkọ̀, wọ́n á ní oúnjẹ àárọ̀ ni.

Iwájú náà ní ìṣirò tirẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ní irin ààbò níwájú, èyí tí wọ́n fi irin gidi ṣe lè ju kílò 40 lọ, ẹ sọ fún olùtajà. Tí ẹ kò bá ní, ẹ má jẹ́ kó ta sípíríǹgì ẹni tó ní i fún yín.

Kí lẹ máa rà

Ètò tí mo fọwọ́ sí ni sípíríǹgì mẹ́rin àti ṣọ́ọ̀kì mẹ́rin tí wọ́n ṣe fún ara wọn. Ṣọ́ọ̀kì kò kàn wà fún gígùn nìkan. Òun ló ń dá sípíríǹgì lẹ́kun, kó má bàa máa fò. Sípíríǹgì tuntun tó le pẹ̀lú ṣọ́ọ̀kì àtijọ́ tó ti rọ̀, jàgídíjàgan ni. Ṣọ́ọ̀kì ẹ̀yìn sì gbọ́dọ̀ gùn tó. Tó bá jẹ́ ti ilé iṣẹ́ tó kúrú lẹ fi sílẹ̀, nígbàkígbà tí táyà bá bọ́ sínú kòtò, ṣọ́ọ̀kì á nà dé òpin rẹ̀, ẹ ó gbọ́ "gbàà!" lẹ́yìn, kò sì ní pẹ́ tó fi máa ya.

Old Man Emu tí ilé iṣẹ́ ARB ti Ọsirélíà ń tà dára fún iṣẹ́ yìí, nọ́ńbà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n sì fún ìwúwo kọ̀ọ̀kan. Dobinsons àti Ironman náà wá láti Ọsirélíà. Bilstein ti Jámánì ní ṣọ́ọ̀kì iwájú kan, 5100, tó ní ìlà mélòó kan lára níbi tí ìjókòó sípíríǹgì ti ń dúró. Ẹ lè gbé ìjókòó náà sókè ní ìlà kan tàbí méjì, kẹ́ ẹ sì tún lo sípíríǹgì yín tẹ́lẹ̀. Tí téèpù bá ti sọ pé sípíríǹgì iwájú yín ṣì lágbára, ọ̀nà tó dínwó nìyẹn.

Ohun kan wà nínú páálí Ọsirélíà tó máa ń da mẹkáníìkì wa láàmú. Sípíríǹgì iwájú míì kì í dọ́gba, wọ́n á kọ ọ́ sára ọ̀kan pé ti awakọ̀ ni. Ní ìlú tiwọn, ọwọ́ ọ̀tún ni awakọ̀ ń jókòó sí, bí ó ti rí ní Nàìjíríà náà kí ìjọba tó yí wa sí apá ọ̀tún títì ní ọjọ́ 2 oṣù kẹrin ọdún 1972. Ẹ má tẹ̀lé àkọlé yẹn lásán. Ẹ gbé sípíríǹgì méjèèjì dúró lórí ilẹ̀, ẹ wo èyí tó gùn jù, òun ni kó lọ sí ẹ̀gbẹ́ tí téèpù yín sọ pé ó wálẹ̀.

Sípésà ńkọ́? Irin tàbí rọ́bà líle tí wọ́n ń fi sórí ṣọ́ọ̀kì iwájú ni. Ó dínwó, ó yá, ó sì wọ́pọ̀. Ẹ gbọ́ ìṣirò rẹ̀. Ṣọ́ọ̀kì iwájú kò jókòó sí ìdí táyà. Àárín áàmù ló wà. Nítorí náà, ohun tó bá nípọn ní mílímítà 25 lókè ṣọ́ọ̀kì yóò gbé ọkọ̀ sókè ní bíi mílímítà 50. Ẹni tó bá ní kí wọ́n fi sípésà "íǹṣì méjì" sí i, tí wọ́n sì lọ gé irin tó nípọn ní íǹṣì méjì, ti gbé iwájú ọkọ̀ rẹ̀ ga ní bíi íǹṣì mẹ́rin. Mo ti rí i. Áàmù òkè ti kan irin, bọ́ọ̀lù jọ́ìntì ti dagun dópin, ṣáàfù ń tú gírísì dà. Tẹ́ ẹ bá gbọ́dọ̀ lo sípésà, kó má ju mílímítà 25 lọ lókè, kó jẹ́ èyí tí wọ́n ṣe fún ọkọ̀ yín gan-an, kí sípíríǹgì tó wà lábẹ́ rẹ̀ sì lágbára. Sípésà lórí sípíríǹgì tó ti rẹ̀, àárẹ̀ náà ṣì wà níbẹ̀.

Rọ́bà tí wọ́n ń há sáàárín sípíríǹgì, mi ò tà á. Ibi tó há sí kò ní lè ṣiṣẹ́ mọ́, ìyókù á máa ṣe iṣẹ́ gbogbo, ibẹ̀ ló sì máa kán. Wẹ́dà tó bá ní òun lè jó nǹkan mọ́ sípíríǹgì kó lè ga, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kẹ́ ẹ máa lọ. Iná wẹ́dà ń ba irin sípíríǹgì jẹ́ láti inú wá.

Ẹ má jẹ́ kí iwájú bá ẹ̀yìn dọ́gba

Ó lẹ́wà lójú àwọn ọ̀dọ́ kí iwájú àti ẹ̀yìn ga bákan náà. Wọ́n á ní kí n fi íǹṣì méjì ààbọ̀ síwájú, kí n fi ẹ̀yìn sílẹ̀. Ní Sátidé, Màmá wọlé, àwọn ọmọ wọlé, ẹrù wọlé, ẹ̀yìn á jókòó, imú ọkọ̀ á kọjú sókè. Sítíárìn á fúyẹ́ lọ́wọ́, iná iwájú á sì máa wọ ojú ẹni tó ń bọ̀. Ẹ gbé ẹ̀yìn náà sókè, kí ìyàtọ̀ díẹ̀ tó wà láti ilé iṣẹ́ ṣì wà.

Táyà ń kọ́?

Mo fẹ́ kí èyí yé yín, torí olùtajà púpọ̀ kì í sọ ọ́. Gbígbé sípíríǹgì ga ń gbé ara ọkọ̀ sókè, kò gbé dífù ẹ̀yìn (ìkòkò irin àárín áásì tó ń pín agbára fún táyà) sókè rárá. Dífù wà lára áásì, áásì wà lára táyà. Táyà nìkan ló lè gbé e. Táyà 265/65R17 ga ní mílímítà 776; 265/70R17 ga ní 803. Ìyàtọ̀ rẹ̀ jẹ́ 27, ṣùgbọ́n ìdajì rẹ̀ nìkan, bíi mílímítà 13, ló máa dé abẹ́ dífù. Ó kéré, àmọ́ tí òkúta bá wà láàárín ọ̀nà oko, ẹ ó mọ iyì rẹ̀. Ẹ rántí pé mítà á máa purọ́ díẹ̀: tó bá ń fi 100 hàn, 103 lẹ̀ ń sá. Ẹ sì yí sítíárìn dé òpin lọ́tùn-ún àti lósì kẹ́ ẹ tó sanwó táyà, kẹ́ ẹ rí i pé kò ha inú fẹ́ńdà.

Àwọn tó ń wọ ọkọ̀

Íǹṣì méjì kò tó nǹkan lójú ẹni ogójì ọdún. Lójú ìyá ọkọ mi, tí orúnkún ń dùn, òkè ni. Ẹ kó àgbà ilé yín wá kẹ́ ẹ tó ra nǹkan: ẹ wa táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ọkọ̀ yín gun orí pákó tó nípọn ní íǹṣì méjì, ẹ ní kí wọ́n wọ ọkọ̀. Kò sí ẹ̀tàn nínú rẹ̀. Tí Màmá bá ní "ẹ bá mi mú ọwọ́," ẹ fi owó irin ìgbẹ́sẹ̀lé ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ kún ìṣirò, èyí tó gbòòrò, tí kò ní yọ̀ lákòókò òjò.

Ọkọ̀ tó ga tún máa ń fẹ́ ṣubú ju èyí tó wálẹ̀ lọ, pàápàá tẹ́ ẹ bá di ẹrù lé orí rẹ̀. Ẹrù wúwo, inú ọkọ̀ ni kó wà, nísàlẹ̀. Lórí Lagos–Ibadan, tí mọ́tò bá já lu yín lójijì, ọ̀nà tẹ́ ẹ máa ń gbà yà tẹ́lẹ̀ ti yàtọ̀. Ẹ dín eré kù fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan, kí ọwọ́ yín mọ ọkọ̀ náà ná.

Ẹ tún wọn gíga rẹ̀ látilẹ̀ dé òkè àgbékà orí ọkọ̀, kẹ́ ẹ kọ ọ́ síbi tẹ́ ẹ ti máa rí i. Àwọn ibi ìgbọ́kọ̀sí abẹ́ ilé ìtajà máa ń kọ gíga tí wọ́n gbà sẹ́nu ọ̀nà.

Níbi tí wọ́n ti ń ná an

Ní Ládípọ̀, ẹ má ra ṣọ́ọ̀kì tòkunbọ̀. Mo mọ̀ pé ẹ́ńjìnnì tòkunbọ̀ ń dára, gíáà tòkunbọ̀ ń dára, àmọ́ ṣọ́ọ̀kì, òróró àti rọ́bà inú rẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́, àwọn méjèèjì sì ti gbó. Wọ́n á nù ún, wọ́n á kùn ún, á máa dán. Ẹ fi ìka yí ọ̀pá rẹ̀ ká: tẹ́ ẹ bá kan ibi tó ti ha, tàbí tẹ́ ẹ bá rí ipata kékeré, ẹ fi sílẹ̀.

Èyí tó jẹ́ tuntun náà, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò. Àwọn orúkọ ńlá ni wọ́n máa ń fara wé jù. Nọ́ńbà tó wà lára páálí gbọ́dọ̀ bá nọ́ńbà tó wà lára ṣọ́ọ̀kì mu, kẹ́ ẹ sì wá nọ́ńbà yẹn lórí ìkànnì ilé iṣẹ́ tó ṣe é, kẹ́ ẹ rí i pé ti ọkọ̀ yín ni. Ẹ gbé àwọn méjì tó jẹ́ ẹ̀yà kan náà lọ́wọ́, kí ìwúwo wọn dọ́gba. Olùtajà tí kò bá fẹ́ kẹ́ ẹ ya fọ́tò nọ́ńbà náà, ṣọ́ọ̀bù pọ̀ lọ́jà. Owó dọ́là ló ń tẹ̀lé, nítorí náà iye tí wọ́n dá lọ́sẹ̀ tó kọjá kò de ẹnikẹ́ni; ẹ ná an lọ́jọ́ tẹ́ ẹ máa sanwó.

Nígbà tí mẹkáníìkì bá ń ṣe é

Ẹ dúró níbẹ̀. Ẹ má lọ jẹun. Ọ̀gá lẹ bá dúnàádúrà, ọmọ iṣẹ́ ló máa wọ abẹ́.

Sípíríǹgì iwájú tí wọ́n fẹ́ tú kúrò lára ṣọ́ọ̀kì, irinṣẹ́ tó ń fún un mọ́ra wà fún un. Ẹni tó bá tú nọ́ọ̀tì òkè rẹ̀ láì fún un mọ́ra, tàbí tó fi wáyà dì í, ń fi ẹ̀mí ṣeré. Ẹ lé àwọn ọmọ yín jìnnà síbẹ̀.

Èyí tó kàn ni wọ́n máa ń ṣì ṣe jù. Búṣì áàmù jẹ́ rọ́bà tó lẹ̀ mọ́ irin, ó máa ń lọ́ díẹ̀ bí áàmù ṣe ń lọ sókè sódò. Tí wọ́n bá fún bóòtù rẹ̀ le nígbà tí ọkọ̀ wà lórí jáàkì, tí áàmù so rọ̀ nílẹ̀, rọ́bà yẹn á lọ́ tán ní gbàrà tẹ́ ẹ bá gbé ọkọ̀ sọ̀ kalẹ̀, á sì máa wà ní lílọ́ lọ́sàn-án lóru títí yóò fi ya. Kí wọ́n kàn mú bóòtù náà díẹ̀, kí wọ́n sọ ọkọ̀ kalẹ̀, kí wọ́n ti ọkọ̀ síwá sẹ́yìn, lẹ́yìn náà kí wọ́n tó fún un le. Ẹ sọ ọ́ fún wọn kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, torí tí wọ́n bá ti parí, wọ́n á ní "ó ti le, Ọ̀gá, kò sí wàhálà."

Kí wọ́n tó dá táyà padà, tí áàmù ṣì so rọ̀, ẹ wo rọ́bà omi bíréèkì àti wáyà ABS (ẹ̀rọ tí kì í jẹ́ kí bíréèkì há táyà). Kò gbọ́dọ̀ nà gan-an. Nínú àwọn 4Runner àti Prado àtijọ́ kan, àtọ̀nà bíréèkì ẹ̀yìn kan wà lórí áásì tó ń fi ìdúró ọkọ̀ mọ̀ bóyá ó ru ẹrù. Ọkọ̀ tí wọ́n gbé sókè, á rò pé ó ṣófo nígbà gbogbo, á sì máa dín bíréèkì ẹ̀yìn kù. Ẹ béèrè bóyá tiyín ní i, kí wọ́n gbé apá rẹ̀ sókè díẹ̀ kó bá gíga tuntun mu.

Ọ̀pá kan wà lẹ́yìn tó so áásì mọ́ ṣásì látẹ̀gbẹ́ kan. Nígbà tí ọkọ̀ bá ga, ọ̀pá yẹn á fa áásì sí ẹ̀gbẹ́ kan díẹ̀. Fún íǹṣì méjì, mílímítà díẹ̀ ni, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tà yín ní ọ̀pá tuntun nítorí rẹ̀.

Aláímẹ́ǹtì pọn dandan, lọ́jọ́ náà tàbí ọjọ́ kejì. Ẹ má gbà kí wọ́n kàn tún ojú táyà ṣe kí wọ́n ní ó tán. Ẹ ní kí wọ́n tẹ ìwé rẹ̀ jáde, kẹ́ ẹ wá ibi tí wọ́n kọ caster sí, ìyẹn bí ìdúró táyà iwájú ṣe dagun sẹ́yìn. Gbígbé ọkọ̀ ga máa ń dín nọ́ńbà yẹn kù, òun ló sì ń mú sítíárìn padà sáàárín fúnra rẹ̀. Èmi kì í fẹ́ kó kéré sí dígírì 2.5, kí ìyàtọ̀ òsì àti ọ̀tún má sì ju dígírì 0.5 lọ. Tó bá kéré jù, ẹ ó mọ̀ lórí Third Mainland Bridge nígbà tí atẹ́gùn ọ̀sà bá ń fẹ́: ọkọ̀ á máa rìn sọ́tùn-ún sósì, ẹ ó máa bá a jà.

Iná iwájú náà. Ní alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú iṣẹ́, ẹ gbé ọkọ̀ dojú kọ ògiri láti ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà 25, ẹ fi ẹfun ìkọ̀wé sàmì sí ibi tí ìmọ́lẹ̀ dé. Lẹ́yìn iṣẹ́, ẹ padà síbẹ̀, kẹ́ ẹ yí iná náà wálẹ̀ dé àmì yẹn.

Omi

Ẹni tó ń gbé Lẹ́kì tàbí Àjàh á ní torí àgbàrá lòun ṣe fẹ́ gbé e ga. Ẹ gbọ́: ibi tí ẹ́ńjìnnì ti ń mí kò kúrò láàyè rẹ̀ nínú ọkọ̀, íǹṣì méjì péré ló fi ga sí i. Dífù ẹ̀yìn ò tiẹ̀ ga rárá. Tí omi bá ti bo àárín táyà, ó lè gba ihò èémí dífù wọlé, òróró rẹ̀ á sì funfun bíi tíì onímílíìkì. Ẹ jẹ́ kí mẹkáníìkì fi rọ́bà gígùn fa ihò èémí náà gòkè dé ìdí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn tàbí inú ẹ́ńjìnnì. Owó kékeré ni, ó sì wúlò ju íǹṣì kẹta lọ.

Lẹ́yìn bíi kìlómítà 500, ẹ padà síbẹ̀ kí wọ́n fún gbogbo bóòtù le lẹ́ẹ̀kan sí i, kẹ́ ẹ sì tún mú téèpù yín. Sípíríǹgì tuntun máa ń jókòó díẹ̀ lẹ́yìn tó bá ti rìn, ẹ má bínú tó bá dín mílímítà mélòó kan. Sípíríǹgì àtijọ́, ẹ má fún mẹkáníìkì. Tí kò bá tíì kán, ẹ fi ọ̀dà kọ òsì àti ọ̀tún sí i lára, kẹ́ ẹ gbé e sábẹ́ àtẹ̀gùn ilé; ẹni tó máa ra ọkọ̀ náà lọ́wọ́ yín lọ́jọ́ iwájú lè fẹ́ kó wálẹ̀ padà, yóò sì san owó rẹ̀ lọ́tọ̀.